Tìmùtìmù Alága

"Ẹni tó bá fi òfin ṣe tìmùtìmù, kò ní jókòó pẹ́." Gbogbo yín lẹ̀ ń pa òwe yìí ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀pẹ níbí, àmọ́ ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ nínú yín? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Èmi ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Òbí lọ́jọ́ náà.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlárànmí ni alága wa. Àga onípákó tí iléèwé gbé fún un le jù, ló bá mú ìwé òfin ẹgbẹ́, ìwé tó nípọn bí ìrọ̀rí, ó fi sábẹ́ ìdí. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi jókòó lé e. Bí gbogbo wa bá dìde fún àdúrà, òun á ní orúnkún ń dun òun. Mo mọ ibi tí ìwé wà o, mo kàn panu mọ́ ni.

Nígbà tó yá, alága kéde pé ìgbìmọ̀ òun ti fi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ni àwọn ọmọ yóò máa jáde. Màmá Àṣàbí nawọ́. Ìyá àgbà yìí ló ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, Mopélọ́lá, ọmọ ọdún méje tó ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Abà Ọ̀sàn, tó sì ń gba orí afárá igi kọjá. Bó bá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀, òkùnkùn á ká a mọ́ orí odò.

"Màmá, ẹ jókòó," ni alága wí. "Òbí tó bí ọmọ nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbí. Ó wà nínú òfin."

"Òfin ọ̀hún dà?"

"Ó wà ní ìpamọ́, Màmá. Ibi tó wà, olè ò lè dé ibẹ̀."

Màmá wojú mi, ojú mi sá lọ sí ìdí àga alága, mo wolẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó agboolé alága ni, oríkì wọn ò sì ṣòro fún un. Ló bá gbóhùn sókè:

"Àkànó! Ọmọ a-jókòó-kún-àga! Ọmọ a-dìde-kún-ilé! Bí baba rẹ bá dìde, ẹnu ọ̀nà a máa há mọ́ ọn!"

Orí alága wú. Ó kọ́kọ́ ń mi ẹsẹ̀, ó wá ń na ọrùn. Nígbà tí Màmá kan baba baba rẹ̀, ó gbàgbé orúnkún, ó fò dìde, ó ká agbádá lé èjìká. Ìwé òfin wá wà lórí àga, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Háà!" ni gbogbo ilé ké.

"Akọ̀wé, gbé e, kà á fún wa," ni Màmá wí.

Mo kà á pé alágbàtọ́ àti òbí, ẹnu kan náà ni wọ́n ní. Mo ṣí iwájú díẹ̀, mo bá a níbẹ̀ pé ọdún méjì péré ni alága kan yóò lò. Fọlárànmí ti ń fọwọ́ wá àga lẹ́yìn.

"Má wulẹ̀ yọra rẹ lẹ́nu, Àkànó," ni Màmá wí. "O ti dìde náà nìyẹn."

A dìbò lójú ẹsẹ̀, a yan alága mìíràn, a sì fagi lé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Mopélọ́lá ti dé abà. Wọ́n ní kí n máa ṣe akọ̀wé mi lọ, àmọ́ ojú ń tì mí, láti ọjọ́ náà, ìdúró ni mo ti ń kọ̀wé ìpàdé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àgbà bá rí ẹni tó wà nípò, tó ń fi òfin tó yẹ kó tẹ̀ lé pa mọ́ kó lè ráyè jókòó, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn wo ìdí àga rẹ̀, wọ́n á ní: ẹni tó bá fi òfin ṣe tìmùtìmù, kò ní jókòó pẹ́.