Ìdí Tí Àparò Kì Í Fi Fò Jìnnà

Nígbà láéláé, nígbà tí kò tíì sí afárá lórí odò kankan, àparò ló ń fò ga jù láàárín ẹyẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, òun ló sì ń gbé àwọn ẹranko kéékèèké sọdá odò ńlá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gbọ́ pé ọmọ òun obìnrin ti bímọ ní òdìkejì odò. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá Àparò. Ó bá Asín tó ti jókòó sórí ẹ̀yìn Àparò.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wo apá Àparò. Ìyẹ́ bíi mélòó kan ti ṣẹ́, ẹrẹ̀ sì ti lẹ àwọn tó kù pọ̀.

"Àparò, ṣé o ò ní tún ìyẹ́ rẹ ṣe ká tó lọ ni?"

"Ìyá, ìyẹ́ yìí náà ló gbé mi lánàá. Ẹ gùn, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Èyí tó ṣẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn tó kù pọ̀."

Ara Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kò lélẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó gùn.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọdá tán nígbà tí ìjì dé. Ìyẹ́ kan já, òmíràn tẹ̀lé e. Àparò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ilé Àṣá ni gbogbo ẹyẹ ti ń kọ́ fífò. Àṣá a máa sọ fún wọn pé bí apá kò bá gbé wọn mọ́, kí wọ́n rẹ orí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tún gbé wọn. Lọ́jọ́ tó kọ́ wọn ní èyí, oko ọkà ni Àparò wà. Nítorí náà, ó gbé orí sókè.

"Àparò, a ń já bọ́!"

"Mò ń gòkè ni, Ìyá."

"Kí ló wá dé tí àwọn igi etídò ń ga sí i?"

Wọ́n já lu koríko etídò, gbì!

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ dìde. Ó pe Asín. Ó tún un pè. Asín kò jẹ́ ẹ mọ́. Ó jókòó tì í títí àwọn ẹyẹ fi pé jọ.

Àṣá wo òkú Asín, ó wo apá Àparò.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o gbé orí sókè?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi."

"Mo gbọ́."

Àṣá ní Àparò kò gbọdọ̀ fò jìnnà mọ́, kò sì gbọdọ̀ ga ju orí koríko lọ. Bó bá fẹ́ gbéra, kó pariwo, kí ẹni tó wà nítòsí lè yàgò. Nígbà tó yíjú sí àwọn ẹyẹ yòókù, olúkúlùkù ti ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ara rẹ̀ ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni àparò ti ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí apá rẹ̀ ń pariwo fùrù-fùrù. Láti ọjọ́ náà ni ẹyẹ ti ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ní àràárọ̀. Ní ti ọ̀pọ̀lọ́, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, ilẹ̀ ló ń gbà.