Fèrèsé Ẹ̀yìn

Ọkùnrin kan wà nílùú Òyìnbó tó wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ Ìkirè ni. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọkọ̀ ojú omi tínínrín kan, irú èyí tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀, tó ní sítóòfù àti bẹ́ẹ̀dì, tó ń rọra rìn lórí odò tí àwọn Òyìnbó fọwọ́ gbẹ́ láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn létí odò á yà á sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe dáa nìyẹn, pé ó ti pẹ́ tí òun ti wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń sáré.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ò tíì fiṣẹ́ sílẹ̀ tán. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní gáréèjì ṣì wà lápò rẹ̀. Láràárọ̀, bí aago mẹ́jọ bá ti lù, á fóònù wọn: ta ló gbé ọkọ̀ mi jáde, ṣé ẹ ti tún búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀ ṣe? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, ọkọ á ní a kì í jáde nílé ká dáná sun ún.

Ni Bọ̀sẹ̀ ọmọ wọn bá bímọ ọkùnrin. Ìlú tí Bọ̀sẹ̀ ń gbé wà létí odò yẹn, lápá òkè. Bọ̀sẹ̀ ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Bàbá kọ̀, ó ní ọkọ̀ òun lòun máa wà wá síbi ìkómọ. Àna rẹ̀, bàbá ọkọ Bọ̀sẹ̀, rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ó ní bí aago mẹ́wàá Sátidé bá ti lù, wọ́n á sọ ọmọ lórúkọ, wọn ò ní dúró de orúkọ tiẹ̀. Kí ìgbín máa bọ̀ wá jẹ ìrẹsì tó bá ṣẹ́ kù.

Láàárọ̀ Sátidé, ó ku lọ́ọ̀kì kan ṣoṣo. Ibi tí odò ti ń gun òkè ni wọ́n ń kọ́ lọ́ọ̀kì sí. Kòtò gígùn oníbíríkì ni. Géètì igi ńlá wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn, fèrèsé kéékèèké sì wà nísàlẹ̀ wọn tí omi ń gbà. Èèyàn á wa ọkọ̀ wọ inú kòtò, á ti géètì ẹ̀yìn àti fèrèsé rẹ̀, á ṣí fèrèsé iwájú, omi á kún, á gbé ọkọ̀ sókè. Bí omi inú kòtò bá ti dọ́gba pẹ̀lú tòkè, géètì iwájú á ṣí.

Ìyàwó ló máa ń bójú tó ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yìí, ó jókòó sórí ọkọ̀, ó ń bẹ iṣu ìkómọ. Ọkọ ní kó máa bẹ iṣu rẹ̀, òun nìkan á ṣe é. Ó ti géètì ẹ̀yìn. Ó ku kó fi sùpánà yí fèrèsé rẹ̀ dé, ni aago mẹ́jọ bá lù. Ó gbé fóònù sétí, ó ń bèèrè búrẹ́ẹ̀kì, ó rìn lọ síwájú, ó ṣí fèrèsé tibẹ̀.

Omi rọ́ wọlé. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti géètì iwájú, kò mì. Ó dúró, ó tún tì í. Ó bọ́ kóòtù. Ó bú géètì, ó bú káfíńtà tó kàn án. Aago mẹ́sàn-án lù. Ẹni tó ti ń kó ọgọ́rin èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo wá ń bẹ igi.

“Ìyá Bọ̀sẹ̀, géètì yìí ti kú.”

Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè látinú kòtò. “Bàbá Bọ̀sẹ̀, bíríkì kan náà ni mò ń wò látàárọ̀. Iṣu kẹta rèé. Omi tó ń wọlé yìí, ibo ló ń gbà lọ?”

Ọkùnrin náà yíjú pa dà. Fèrèsé ẹ̀yìn là sílẹ̀ gbayawu. Bí omi ṣe ń gba iwájú wọlé ló ń gba ẹ̀yìn jáde. Bó ṣe ń lọ tì í, fóònù dún. Gáréèjì ni. Ó jù ú sápò, ó fọwọ́ méjèèjì mú sùpánà.

Kò pẹ́ tí bíríkì yẹn fi rì, tí èyí tó wà lókè rẹ̀ náà rì. Ìyàwó rẹ̀ ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ látinú kòtò, tòun ti gèlè, tòun tọ̀bẹ, tòun tiṣu, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ojú wọn ṣe déédéé, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, dẹ́rẹ́bà. Ẹ ti ilẹ̀kùn lónìí.”

Ọkọ fi ìdí lásán kan géètì iwájú. Ó ṣí.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n dé. Àna ti mú ṣíbí oyin dání. Bàbá ń mí gúlegúle, ó ní orúkọ tòun ni Olúwagbémiga. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àna ló kọ́kọ́ bu ìrẹsì fún ìgbín. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Bọ̀sẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ránṣẹ́ pa dà sí gáréèjì.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, ó pé ọdún kan tí o ti fẹ̀yìn tì. O ṣì ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ àtijọ́, ò ń kọ́ ẹni tó gba àga rẹ bó ṣe máa jókòó. O wá délé, o ní ìsinmi yìí ò dùn, pé Ọlọ́run ò bù kún un. Ó ń bù kún un. Ẹ̀yìn ló ń gbà lọ. Dìde, lọ ti fèrèsé yẹn.