Ìbídùn àti Ọdẹ Tó Sùn Lábà Rẹ̀

Nígbà tí ọkọ Ìbídùn kú, ó ku òun nìkan lábà wọn, tó jìnnà sí ìlú Ọ̀rúwò tó ìrìn ọjọ́ kan. Kò bímọ. Ó lè lo oṣù kan láìgbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Nígbà mìíràn, á bi ara rẹ̀ pé, "O jíire bí?" á sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn. Àdánìkangbé burú jọjọ.

Lọ́dún kan, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Láògún wọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ti tán an lókun. Odidi ọjọ́ méje ni kò lè dìde. Ìbídùn ló ń kó ìgbẹ́, òun ló ń da eérú sílẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ lódò. Ó rí i lára, ká má parọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan tún ń pe orúkọ òun. Nígbà tí ara Láògún yá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n mi, títí mo fi máa kú, mi ò ní gbàgbé yín."

Bó ṣe ń lọ, ó pa ẹfọ̀n kan lọ́nà. Ẹfọ̀n yìí ló sọ ọ́ di Olúọdẹ.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àwọn ẹbí ọkọ Ìbídùn fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ látìgbà tí ọkọ ti kú. Baálẹ̀ Ọ̀rúwò ní kí Ìbídùn mú ẹnìkan wá, àlejò tó ti sùn lábà náà rí, kó wá búra pé òun bá a níbẹ̀. Ta ni ì bá mú wá bí kò ṣe Láògún?

Láògún wò ó títí. "Ìyá, ẹ má bínú, mi ò dá yín mọ̀. Mo rántí ìrìn àjò yẹn dáadáa. Abẹ́ ìrókò ni ẹfọ̀n náà dúró sí. Ọfà mẹ́ta ni mo ta, ìkẹta ló wọ̀ ọ́ láyà. Àárẹ̀ díẹ̀ ṣe mí ṣáájú, ṣùgbọ́n ara mi yá fúnra rẹ̀."

Kò purọ́. Ohun tó sọ ọ́ di ènìyàn ló rántí.

"Ọjọ́ méje ni, Olúọdẹ," ni Ìbídùn wí. "Lọ́jọ́ kẹta ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ ń pe ìyá yín lójú oorun. Ìró tí mo ró wọlé ọkọ ni mo ya láti fi nù yín nídìí. Òórùn ọ̀hún ò tíì kúrò nímú mi dòní."

Láògún dorí kodò. Síbẹ̀ kò rántí, kò sì lè búra. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùn. Bó ti ń dá jáde lọ, kò sẹ́ni tó lè wojú rẹ̀. Baálẹ̀ ló mí kanlẹ̀, tó sọ ohun tí àwọn àgbà sọ dòwe títí dòní: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.