Bí Mo Ṣe Kí Ẹlẹ́nugbàngbà ní Adágún Òṣíbàtà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin tí ẹ rí àga jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ tẹ́ ìdí sílẹ̀, mo kí yín o. Mo kí ẹni tó ti jẹun yó, mo kí ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ṣì wà lórí iná. Kí ẹni ìkẹyìn yìí sáré lọ sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ gùn díẹ̀, èmi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ọbẹ̀ tó jóná bú mi lọ́la. Èmi ni Àwẹ̀ró, ọmọ bíbí Èbúté-Ìyeyè, ìlú tó dojú kọ odò Àlúgbò tó sì kẹ̀yìn sí igbó, níbi tí ọmọdé ti ń mọ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ kó tó mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ rìn. Baba mi fi ìbọn dọdẹ ẹran, ìyá mi fi ìwọ̀ dọdẹ ẹja. Nígbà tí wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, ìwọ̀ ni mo mú, nítorí ìwọ̀ kì í pariwo, kì í sì í jẹ ẹ̀tù. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta báyìí tí mo ti ń ṣe ọdẹ omi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣà ilé wa fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tó lé mi kúrò nílé. Bí a bá bímọ ní ìdílé wa, a kì í fi ẹja gbígbẹ sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn ará òkè ṣe ń ṣe. Ẹja ààyè là ń gbé wá. A ó ki ọwọ́ ọmọ bọ ẹja náà lẹ́nu, a ó sọ orúkọ ọmọ sí i lẹ́nu, a ó sì dá a padà sínú odò kó lọ jíṣẹ́ fún omi pé ẹni báyìí dé o, ọmọ yín ni, ẹ má gbé e lọ. Ẹja tí ẹnu rẹ̀ bá kéré á já orúkọ náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tí ìwọ̀ bá sì ti ya lẹ́nu, ojú yíya yẹn ni orúkọ á gbà jò dànù. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Lábọ̀dé, àbúrò baba mi, nìyẹn. Ẹja tí ẹnu rẹ̀ ti fàya ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, omi ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ odò dé ọrùn ẹsẹ̀ báyìí, omi á dì í mú gírígírí, á máa bi í pé, "Ta nìyí? Ta nìyí?" Títí tó fi kú, orí òkè ló ń gbé, igbá ló fi ń bu omi wẹ̀, ọmọ apẹja tí kò lè wọ ọkọ̀!

Nígbà tí Ṣẹ̀gilọlá, ìyàwó ọmọ mi, bí ọkùnrin lẹ́yìn ọdún méje tó ti ń fojú sọ́nà, inú mi dùn bí inú ẹni tó rí omi tútù mu lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, odò Àlúgbò fà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe èpìyà tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ṣẹ̀gilọlá kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn wò mí láti orí ẹní, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi lọ máa gbé orí òkè." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju igbe lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ibì kan ṣoṣo ni ẹja ẹlẹ́nu ńlá kù sí, ìyẹn Adágún Òṣíbàtà, tí ewé òṣíbàtà tẹ́ lé lórí bí ẹní, níbi tí Ẹlẹ́nugbàngbà ń gbé, ẹja tí igbá ìmumi lè wọ̀ ọ́ lẹ́nu kó má kan ètè. Ọjọ́ méjì ni àlọ, ọjọ́ méjì ni àbọ̀. Ọmọ sì ti pé ọjọ́ méjì.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo kó ẹrù mi sí etí odò. Mo mú ọ̀pá ọparun tó gan jù nílé, mo mú okùn ọ̀rá tó nípọn bí okùn ìso-ewúrẹ́, mo sì mú ìwọ̀ tó tóbi jù, tí ẹ̀gún ẹnu rẹ̀ dà bí èékánná àṣá. Ìyá Lámídì, aládùúgbò mi tó ń fi àwọ̀n pẹja, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ, dúró, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Àwẹ̀ró, erinmi lo fẹ́ lọ fà ni, àbí ọkọ̀ tó rì?"

Mo ní, "Ẹja ńlá, ìwọ̀ ńlá."

"Ariwo ńlá náà ńkọ́? Àbí ìyẹn ti wà nínú ọkọ̀?"

"Ìyá Lámídì, lọ bójú tó àwọ̀n rẹ. Ihò ara rẹ̀ ti pọ̀ débi pé ẹja ń gba ibẹ̀ kí ọ, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní, "Ó dáa. Màá fi èpìyà kan sínú abọ́ dè ọ́. Bí o kò bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, tèmi la ó fi sọ ọmọ lórúkọ." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ eegun, nítorí mo mọ̀ pé àwọn àgbà ilé kò ní sún ọjọ́ kẹjọ síwájú nítorí tèmi.

Mo wa ọkọ̀, mo wa ọkọ̀, apá mi ń lọ ń bọ̀ bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, níbi tí odò ti fún bí ọrùn akèrègbè, mo bá ọ̀nì kan tó nà gbalaja láti etí odò kan dé èkejì. Kì í ṣe pé ó bínú, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, oníbodè ni.

Ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá."

Mo ní, "Ẹ kú ìdúró, oníbodè. Ṣé ara le?"

"Eyín ni, Ìyá. Eegun kan ti há sí i láti oṣù tó kọjá, ọwọ́ mi kúrú."

Mo ní kó la ẹnu. Mo fi ìwọ̀ ńlá mi yọ eegun náà, mo sì fi omi ṣan ibẹ̀ fún un. Ó mí kanlẹ̀, ó ká ìrù rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó wo ìwọ̀ náà, ó ní, "Ìwọ̀ yìí dára gan-an fún eyín ọ̀nì. Ti ẹja ni mi ò mọ̀." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, mo gba àárín àwọn eèsún kan kọjá, tí wọ́n ń hanrun lọ́sàn-án gangan, mo sì rọra ń wa ọkọ̀ kí n má bàa jí wọn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gúnlẹ̀ sí adágún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀ ńlá, mo jù ú sáàárín ewé. Kàkà kó rì, ìdí òṣíbàtà ló lọ dì mọ́. Mo fà á, ewé ló bá a wá, bí ìgbà tí èèyàn ń tu ẹ̀fọ́. Mo rí Ẹlẹ́nugbàngbà tó gbé orí sókè díẹ̀, ó wo ìwọ̀, ó wo èmi, ó sì padà sísàlẹ̀. Mo wá mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwọ̀ kékeré tí mo ká mọ́ igi sínú àpò, mo lọ síbi tí omi ti mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni ẹja náà ti gbé e, kíá ni mo fà á, ekòló fò jáde, ó gbá mi níwájú orí pàá! Mo tún jù ú, ó tún gbé e, mo tún fà á, ó tún gbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta!

Ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀ omi, ó ní, "Ẹ kú akitiyan o, Ìyá! Ẹ tún un ṣe!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọwọ́ èpìyà ló dé bá mi. Èpìyà la fi ń kọ́ ọmọ Èbúté-Ìyeyè níṣẹ́ ìwọ̀. Èpìyà a máa tọ́ ìjẹ wò bí ìyá ọkọ ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ ìyàwó wò. Bí o kò bá fà á lójú ẹsẹ̀, ó ti jẹ ẹ́, ó ti nu ẹnu. Ọwọ́ yíyá yìí la sì fi ń yangàn láàárín àwọn ìlú etí odò. Àṣé ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe jù ló máa ń kọ́kọ́ ṣì í lọ́nà. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Bí mo ṣe ń bínú tó ni mo ń fà á yá tó, títí ọjọ́ náà fi lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, tí mo mọ̀ pé bí n kò bá gbéra kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ó ti bọ́ nìyẹn, mo mú àkèré kan lórí ewé, mo fẹ́ fi í ṣe ìjẹ.

Àkèré ní, "Ìyá, ẹ dúró ná. Mo ní ìyàwó mẹ́ta."

Mo ní, "Èmi náà ní ọmọ-ọmọ kan."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó máa yẹ àwa méjèèjì. Ẹran ara mi kọ́ ni ẹja yẹn fẹ́. Ìrìn mi ló ń bí i nínú, pé mò ń fò lórí òrùlé òun láìkí òun. Ẹ wá nǹkan tó máa rìn bí mo ṣe ń rìn."

Mo wo inú ọkọ̀, mo wo ara mi, ojú mi bọ́ sí sálúbàtà róbà dúdú tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo bọ́ ọ, mo fi ọ̀bẹ gé e, mo gbẹ́ ẹ ní àyà, mo gbẹ́ ẹ ní ìdí, mo fa òwú yọ létí ìró mi, mo fi ṣe ẹsẹ̀ méjì sí i lẹ́yìn. Mo so ìwọ̀ kékeré mọ́ ọn. Mo sì mú òkúta, mo fi rin ẹ̀gún ẹnu ìwọ̀ náà títí tó fi dán, nítorí ẹ̀gún yẹn ló ń ya ẹja lẹ́nu.

Àkèré ní, "Dúdú yẹn dára, láti ìsàlẹ̀ òjìji nìkan ló máa rí. Ẹ sì fi okùn tó nípọn so ó, òun àti ọ̀pá líle yẹn ni agbára wọn tó ewé. Okùn yín ò ṣẹ̀, Ìyá. Ìwọ̀ àti ọwọ́ yín ló ṣẹ̀."

"Kí ni mo máa fi ọwọ́ ṣe?"

"Ẹ jù ú sórí ewé, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ mú un fò lẹ́ẹ̀méjì, ẹ tún jẹ́ kó sinmi. Bí ẹja bá gbé e, ẹ má fà á. Ẹ kí i."

"Kí n kí ta?"

"Kí ẹ kí ẹja! Ẹ kí i bí a ṣe ń kí àgbà, ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè ọ̀nà. Kí ẹ tó béèrè àwọn ọmọ, á ti pa ẹnu dé, á ti kọrí sísàlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fà á."

Mo tú àkèré sílẹ̀, ó lọ bá àwọn ìyàwó rẹ̀. Mo ju ọmọ sálúbàtà mi sí etí ewé, níbi tí òjìji pọ̀ sí. Ó sinmi. Mo mú un fò lẹ́ẹ̀méjì. Ó sinmi. Mo tún mú un fò, omi là gbàà bí ìgbà tí agbè ńlá já sínú kànga, sálúbàtà sì wọlé! Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo iṣan apá mi ń pariwo pé fà á, fà á! Mo fi eyín ti eyín, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ará ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ—" Mo gbé ọ̀pá sókè wìì!

Ó dúró. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí kò sí ẹ̀gún lẹ́nu ìwọ̀, bí okùn bá dẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan báyìí, ó ti lọ. Mo fi ẹsẹ̀ kan ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo na okùn tantan, mo gbé orí rẹ̀ sókè kó má bàa rí ìdí ewé wọ̀, mo sì ń fà á bọ̀ lórí òṣíbàtà bí ẹni tó ń wọ́ àpótí lórí ẹní. Mo ti ọwọ́ bọ omi kí n tó fọwọ́ kàn án, mo fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, mo gbé e sínú báàfù tí mo ti pọn omi kún.

Ẹlẹ́nugbàngbà ní, "Ìyá, kí ló dé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dáhùn ti àwọn ọmọ ni ẹ fà mí!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà o, ṣùgbọ́n mi ò mọ iye wọn."

Mo ro ẹjọ́ mi fún un láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́. Ó ní ẹni tó kí òun tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí òun já kulẹ̀, kí orúkọ náà ṣáà má gùn jù. Ní gbogbo ọ̀nà, tọ̀sán tòru, mò ń da omi báàfù nù, mò ń pọn tuntun, mo sì fi aṣọ tútù bò ó lórí. Òun náà ò sì dákẹ́: ta ló kọ́ ọ̀nà yìí, kí ló dé tí eèsún ń hanrun, ọmọ ta ni oníbodè? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn nídìí àjẹ̀.

Nígbà tí mo gúnlẹ̀ ní Èbúté-Ìyeyè, wọ́n ti jókòó yí Ṣẹ̀gilọlá ká, Baba Ọdẹ́jìnmí, olórí ilé wa, sì ti gbé abọ́ èpìyà Ìyá Lámídì dání. Ojú Ṣẹ̀gilọlá ti wọ inú.

Ìyá Lámídì ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ké, ó ní, "Àwẹ̀ró! Sálúbàtà rẹ kejì dà?"

Mo ní, "Ẹja jẹ ẹ́."

Ó sún mọ́ ọkọ̀. Ó yẹ báàfù wò, ó la ẹnu Ẹlẹ́nugbàngbà, ó fi ìka tọ ètè rẹ̀ yíká bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò tuntun wò. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ kan tó ti dí pa. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ Baba, ó da èpìyà tirẹ̀ padà sódò, ó ní, "Ìwọ máa lọ sílé, ọmọ mi. Ẹni tó ni iṣẹ́ ti dé."

Wọ́n ki ọwọ́ ọmọ bọ ẹja lẹ́nu, ó wọlé dé ìgúnpá, kò sì ké. Baba sọ orúkọ rẹ̀ sí i pé Omíyalé. Mo gbé ẹja dé inú omi, mo tú u sílẹ̀, ó rì. Gbogbo wa na ọrùn wo omi. Ó pẹ́ díẹ̀, orí ńlá kan yọ láàárín odò, ó ní, "Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní àwọn ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí ẹ tún un pè."

Ṣẹ̀gilọlá dìde, ó wọ inú omi dé orúnkún tòun ti ọmọ, ó pè é, "Omíyalé!" Àwa náà gbè é, "Omíyalé o!" Ìyá Lámídì pariwo ju gbogbo wa lọ, débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni ohùn rẹ̀ fi há, tí ìlú sì sinmi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò ṣòro. Kì í ṣe bí nǹkan bá ṣe tóbi tó la fi ń mọ ohun èlò tí a ó mú lọ, ohun tí a fẹ́ fi í ṣe tí a bá mú un tán la fi ń mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá sì fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ọwọ́ yín bá yá, ẹ yin Olúwa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ ní sùúrù pẹ̀lú. Ó ti tó báyìí. Kí kálukú gbé àga rẹ̀ wọlé, kí ẹni tó máa pọn omi lọ pọn ọ́n. Ilé á tù yín, odò á tù yín, àárọ̀ ọ̀la á bá gbogbo wa láyọ̀. Ó dàbọ̀ o.