Wákàtí Mẹ́rin sí Ilé Ẹ̀gbọ́n

Ọkùnrin kan wà ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, tó ń bá àwọn oníṣòwò ilé wa ra aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ ní Kuala Lumpur, ní Màléṣíà. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn.

Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Bó bá ń jẹ ẹja, á rántí ọwọ́ tó máa ń bá a yọ egungun. Ní ìrọ̀lẹ́, á ṣí fóònù rẹ̀, á wo bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra: ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ kìlómítà, bíi wákàtí mẹ́rin nínú bàálù. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ níhìn-ín á jẹ tọ̀sán lọ́hùn-ún.

Ohun tó dá a dúró ni pé kò fẹ́ fọwọ́ lásán wọlé tọ ẹ̀gbọ́n. Ìwọ náà mọ̀ wá. Ó ra léèsì kan, ó ní kò dára tó. Ó ra òmíràn, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú jù. Ẹni tó ń yan aṣọ fún odindi ọjà kò rí ẹyọ kan yàn fún ẹni tó pọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n pè é pé ojú òun ti ń ṣókùnkùn, dókítà sì ti ní kò sí àtúnṣe.

"Àjàgbé, n ò béèrè aṣọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wá kí n rí ọ."

Ó ní òun ń bọ̀, ó ṣe tán wákàtí mẹ́rin ni, kí òun sáà di ẹrù oṣù yẹn tán. Ẹrù oṣù yẹn tán, ti oṣù kejì dé. Oṣù karùn-ún ló tó rí léèsì tó wù ú, ló bá wọ bàálù. Wọn ò sọ fún un lórí fóònù ibi tí ọ̀rọ̀ ojú náà dé.

Wákàtí mẹ́rin náà ni, kò lé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fàyà lé ilẹ̀, ó ń retí kí ó ki òun kí ó sì ní kí òun dìde. Ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí," ó ní. "Àjàgbé dà?"

Ìwọ tó o wá sọ́dọ̀ mi pé kí n máa fi ìyá rẹ tó wà ní Ìsẹ́yìn sínú àdúrà, o ní kò jìnnà, o kàn ń dúró kí o ra mọ́tò ná, kí o lè wọ ìlú bí ènìyàn. Ìyá rẹ ò béèrè mọ́tò. Mo ti gbàdúrà náà. Ọkọ̀ Ìsẹ́yìn ṣì wà ní gáréèjì, ọ̀sán ò tíì pọ́n. Dìde níbi tó o jókòó sí yìí, kí o lọ, kí ìyá rẹ rí ọ.