Olùkọ́ Tó Gbé Àga Rẹ̀ Kúrò Lábẹ́ Igi

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa díwọ̀n ọ̀rọ̀ tó ń yí ènìyàn lọ́kàn padà, bẹ́ẹ̀ ọkàn tirẹ̀ kò yí padà rí láti ọjọ́ tó ti jáde ilé-ìwé. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Nígbà èwe rẹ̀, òun ni balógun àwọn tó ń ṣe àríyànjiyàn fún ilé-ìwé wọn, wọ́n sì fún un ní ife-ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀kan. Àìsàn ife-ẹ̀yẹ náà kò tán lára rẹ̀ títí tó fi hewú.

Nítorí náà, bí ó bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ alárìíyànjiyàn, ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà fún wọn ní máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí alága, kí ó kí àwọn adájọ́ tí kì í ṣègbè, kí ó kí olùtọ́jú àkókò, kí ó tó wá kan àwọn alátakò rẹ̀. Pé orí ìwé ni ọ̀rọ̀ wà, tí kò sí alága kankan níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì di aago mú, ìyẹn kò kan olùkọ́. Ìkíni ní máàkì tirẹ̀. Òwe ní tirẹ̀, bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni máàkì ṣe ń gòkè. Àṣekágbá náà ní tirẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ sọ pé òun lérò pé pẹ̀lú ìwọ̀nba àlàyé òun yìí, gbogbo ènìyàn ti gbà pẹ̀lú òun. Ìyókù jẹ́ ti ìwé tó mọ́ tónítóní. Ìdí ọ̀rọ̀ gan-an kò ní máàkì. Olùkọ́ gbà pé ẹni tó bá lè kí ènìyàn tó báyẹn, kò ní ṣàì ní ìdí kan lápò.

Igi máńgòrò àgbà kan wà níwájú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni olùkọ́ yìí máa ń gbé àga sí bí ó bá fẹ́ máàkì ìwé. Abẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ti máa ń jẹun ọ̀sán. Ní sáà kan, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé igi náà ti gbó jù. Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ já lé òun nìkan lórí, bá ránṣẹ́ pe olùkọ́.

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ igi yìí ṣe àròkọ fún àwọn ọmọ àgbà. Èyí tó bá yíni lọ́kàn padà jù la ó kà fún àwọn òbí nípàdé. Bó bá ní ká gé e, a ó gé e. Bó bá ní kó dúró, kó dúró."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, mà," ni olùkọ́ wí. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń bẹ Ọlọ́run kí igi dúró. Ooru ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ.

Ó gba ìwé wọn, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ṣí bírò pupa. Ìwé tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adétóún. Adétóún kò kí ẹnikẹ́ni. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ̀ka tó nà sórí àga olùkọ́ wa ti dihò. Ikán ló jẹ inú rẹ̀. Bí òkò bá bà á, ó ń dún bí akèrègbè òfìfo. Lọ́jọ́ Ajé, eruku rẹ̀ wà léjìká aṣọ olùkọ́ wa, a rò pé àtíkè ni. Abẹ́ ẹ̀ka yẹn kan náà ni àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ti ń jẹun. Ìjì kì í béèrè ẹni tó jókòó kó tó jà. Ẹ jẹ́ kí a gé igi náà kí òjò tó dé."

Olùkọ́ fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Eruku díẹ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀. Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀ka. Ó dà bí ẹni pé ẹ̀ka náà ń wò ó padà. Ó dìde jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí igi mọ̀ pé òun ń lọ, ó gbé àga rẹ̀, ó lọ gbé e ka orí fàráńdà níbi tí páànù ti ń yan ènìyàn bí àgbàdo. Ó jókòó, òógùn bò ó. Ó wá mú bírò, ó fún Adétóún ní mẹ́rin nínú ogún, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kò kí alága. Kò kí adájọ́. Olùtọ́jú àkókò pàápàá, kò bojú wò ó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yíni lọ́kàn padà."

Ó kan ìwé olórí kíláàsì. Ọmọ yìí kí gbogbo ènìyàn. Ó kí olùtọ́jú àkókò lẹ́ẹ̀mejì, bóyá kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ní kí igi dúró. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun tí ilé ọba tó jó fi kan máńgòrò, kò ṣàlàyé, olùkọ́ kò sì béèrè. Ó fún un ní mọ́kàndínlógún. Ó fi ẹyọ kan tó kù sílẹ̀ fún Ọlọ́run, tó ni pípé.

Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ìṣirò, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ń kọjá lọ.

"Ẹ kú oòrùn o, sà. Ṣé igi lé yín jáde ni?"

"Rárá o. Mo ní kí n yá oòrùn díẹ̀ ni."

"Lọ́sàn-án gangan? Alángbá tó ń yá a gan-an ti sá wọlé."

Olùkọ́ fi ìwé olórí kíláàsì fẹ́ ara rẹ̀. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Àròkọ kan ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ó ní kí igi dúró. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára."

"Ó wọ̀ yín lára?"

"Dé eegun."

"Ẹ gbé àga yín padà sábẹ́ igi nígbà náà, kí eegun náà lè tutù."

Ọ̀rọ̀ yìí dun ẹni tó ti gba ife-ẹ̀yẹ rí. Ó gbé àga rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń lọ, àfi ẹsẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí òjìji igi ti bẹ̀rẹ̀, àga náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé erin jókòó sí i. Ó dúró. Agogo oúnjẹ lù, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sì rọ́ jáde tàwọn ti abọ́, wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀ka.

"Ẹ dìde níbẹ̀," ni olùkọ́ wí.

"Kí la ṣe, sà?"

"Ẹ̀ka yẹn ti dihò. Ikán ló jẹ inú rẹ̀. Ẹ wo èjìká mi. Àbí ẹ rò pé àtíkè ni?"

Wọ́n wo èjìká rẹ̀, wọ́n wo òkè, wọ́n kó abọ́ wọn. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, abẹ́ igi ti dá. Olùkọ́ nìkan ló kù pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun kò kí alága. Òun kò kí adájọ́. Aago sì wà ní ọrùn ọwọ́ òun fúnra òun, òun kò kí ẹni tó dè é.

Olùkọ́ ìṣirò ń wò ó láti orí fàráńdà. "Mélòó ni ká fún yín, sà?"

Olùkọ́ gbé àga rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó padà sídìí ìwé, ó fa ti Adétóún yọ, ó fagi lé mẹ́rin, ó kọ mẹ́tàdínlógún. Ó mú mẹ́ta kúrò nítorí pé ọmọ náà kò kí ènìyàn. Àìsàn ife-ẹ̀yẹ kì í san lọ́jọ́ kan. Ó wá fagi lé ilé ọba nínú ti olórí kíláàsì, máàkì rẹ̀ sì bá ilé náà jó dé mẹ́wàá.

Nígbà tí ìpàdé dé, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì kà, nítorí pé bàbá olórí kíláàsì ni akápò ẹgbẹ́ òbí. Olórí kíláàsì kà tán, àwọn òbí pàtẹ́wọ́ títí, wọ́n sì jókòó wọn jẹ́jẹ́. Adétóún kà tán, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń wá ẹni tó ní ayùn. Ẹni tó gé igi náà sọ pé nígbà tí òun dé ẹ̀ka yẹn, òun kò rí igi gé níbẹ̀, èèpo lásán lòun gé.

Ìwọ náà wá gbọ́, ọ̀rẹ́ mi, tí ìdì ìwé àwọn ọmọ tí o fẹ́ máàkì wà lórí itan rẹ yìí. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn létí, pàtẹ́wọ́ fún un, kò burú. Àtẹ́wọ́ kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n kí o tó kọ máàkì sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ yíni lọ́kàn padà, rántí ibi tí àga rẹ wà nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kí o sì wo ibi tó wà báyìí. Bí ìwọ fúnra rẹ bá ti sá jáde sínú oòrùn, má fi òógùn ojú kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ pé kò yí ọ lọ́kàn padà.