Awọ Méjì Ara Ògiri

Ọkùnrin kan wà tí awọ kò lè purọ́ fún. Bí wọ́n bá gbé awọ ewúrẹ́ síwájú rẹ̀, yóò fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì sọ fún ọ bóyá wọ́n sá a sí oòrùn jù, bóyá wọ́n kánjú fá irun rẹ̀, àti iye ọdún tí yóò lò kí ó tó ya. Iṣẹ́ awọ ni baba rẹ̀ ṣe, òun náà ni baba baba rẹ̀ ṣe. Wọ́n ń rán àpò, wọ́n ń rán tìmùtìmù tí àwọn àgbà ń jókòó lé, ṣùgbọ́n gàárì ẹṣin ọba ni iṣẹ́ tí ó jẹ́ kí gbogbo ìlú mọ ilé wọn. Láti ayé baba baba rẹ̀, kò sí ọba tó gun ẹṣin jáde lọ́jọ́ ọdún tí kò jókòó lé iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Awọ méjì kan wà tí baba rẹ̀ fi kọ́ ara ògiri ìsọ̀. Wọn kì í ṣe ọjà, wọn kì í sì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Fi wọ́n sọ́kàn, a máa tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Oníṣẹ́ awọ yìí ní ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń dín ẹran tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n náà fẹ́ràn ẹran rẹ̀ ju àwọn tó ń rà á lọ. Òróró tí ó bá fi dín ẹran lọ́jọ́ Ajé ni yóò tún fi dín ti ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ó bá ti dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀, yóò wá fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ agbada, yóò jẹ ẹ́, yóò pọ́n ọwọ́ lá. Ní ọjọ́ kan ó fẹ́ dìde kí oníbàárà kan, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Níbi tí wọ́n ti ń kẹ́dùn, ẹnì kan mi orí, ó ní epo ni ó pa á. Ẹni yẹn sọ ọ́ tán, ó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó sì gbàgbé ohun tí ó sọ. Oníṣẹ́ awọ kò gbàgbé. Kò bèèrè irú epo wo. Kò bèèrè bí ó ṣe pọ̀ tó. Ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an pé òun ni ó kàn.

Ó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tó bá ti ní epo nínú kò gbọdọ̀ kan ẹnu òun mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣíjúadé, rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni, pé yóò lọ bí ẹkún bá lọ. Kò lọ. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í se ìkòkò méjì. Òun àtàwọn ọmọ ń jẹ ọbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ ń jẹ iṣu àti iyọ̀, ẹ̀kọ tútù, àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ nínú omi lásán. Ó yọ ẹ̀gúsí kúrò, ó yọ ẹ̀pà, ó yọ ẹyin, ó ní ẹja títù sanra jù. Kódà àsálá tí ó máa ń pa jẹ nídìí iṣẹ́, ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní òun gbọ́ ìtọ́wò epo lẹ́yìn eyín, bó ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní tàn ọ́, ara rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́. Ó lu ihò tuntun méjì sí bẹ́líìtì ara rẹ̀, ó sì ń fi han gbogbo ẹni tó bá yà kí i. Ó ń rìn bí ẹni tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojúgun rẹ̀ funfun, awọ rẹ̀ ń bó. Ó ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, òjò bẹ̀rẹ̀, ara kò padà sí bí ó ṣe wà. Irun rẹ̀ ń já sínú òòyà. Ọ̀bẹ gé e ní ìka ìfábẹ̀lá, ohun tí ó yẹ kí ó jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lé ní oṣù méjì kò padé. Lẹ́yìn náà ni oríkèé àwọn ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ọ̀tún àti òsì. Ó ń fi òrí pa á. Òrí ń tù ú lára fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó bá di àárọ̀, ọwọ́ á tún ti là.

Àsìkò yẹn gan-an ni ààfin ránṣẹ́. Gàárì ọba ti gbó, wọ́n fẹ́ tuntun, ọdún sì ku ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń rán gàárì nílé wọn. A ó fa okùn tí a fi ń rán an títí tí yóò fi han gooro, a ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ẹ̀mí ẹni tó wà lórí ẹṣin wà nínú okùn yẹn. Gbogbo ìgbà tí ó bá fà á, ìka rẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á kán sórí awọ. Kò sí ẹni tó ń gbé awọ ẹlẹ́jẹ̀ lọ sí ààfin. Ó ba apá kan jẹ́, ó sọ ọ́ nù. Ó tún gé òmíràn, ó ba ìyẹn náà jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní, “Bàbá Ṣíjúadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bu epo díẹ̀ sí ọbẹ̀ yín. Ara yín ti gbẹ.”

“Ṣé o fẹ́ kí n bá ẹ̀gbọ́n mi lọ ni?”

Obìnrin náà gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìránṣẹ́ ààfin wá wo iṣẹ́. Ó rí ọwọ́, ó rí awọ tí wọ́n sọ nù. Ó ní bí ara kò bá le, kí oníṣẹ́ awọ má ṣe ara rẹ̀ léṣe, àwọn tó lè rán gàárì wà ní ìlú kejì. Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ni ó dun ọkùnrin náà wọ eegun. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń rò ó pé ọwọ́ òun yìí ni iṣẹ́ baba òun yóò parí sí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, obìnrin kan tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn odi ìlú gbé àpò wá fún àtúnṣe. Oníṣẹ́ awọ ni ó rán àpò náà fún un ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọwọ́ àpò ti sán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń já bọ́ wẹ́wẹ́. Inú bí oníṣẹ́ awọ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbàgbé ìrora fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

“Àpò yìí kò gbó,” ni ó wí, “ebi ni ó ń pa á. Ẹ kò fún un ní òróró láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e kúrò níbí.”

Nọ́ọ̀sì ní òun ń fi aṣọ tútù nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oníṣẹ́ awọ rẹ́rìn-ín. Ó ní omi kì í ṣe òróró. Ó wá ṣàlàyé fún un bí ó ti máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, pé nígbà tí ewúrẹ́ wà láàyè, ara ewúrẹ́ ni ó ń bọ́ awọ náà. Ewúrẹ́ ti kú. Awọ kò lè dá òróró ṣe fún ara rẹ̀, àfi kí ẹnì kan fún un.

Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí ara ògiri, ó bèèrè ohun tí àwọn méjì yẹn wà fún. Ìbéèrè tí ọkùnrin náà fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Ó sọ wọ́n kalẹ̀. Ó ṣẹ́ èkíní díẹ̀, ó dún bí ewé gbígbẹ, ó sì sán. Ìyẹn ni èyí tí baba rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láìfi òróró kàn án. Èkejì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, ó ń rùn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó bà á jẹ́ nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́. Ó ti rí ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà á, ó sì ri awọ tirẹ̀ sínú òróró fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó gún un lábẹ́rẹ́, okùn ya á kọjá bí ìgbà tí ènìyàn ń rán búrẹ́dì. Baba rẹ̀ kò nà án. Ó kàn gbé awọ méjèèjì kọ́. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ nílé wọn tí kò ní kọ́kọ́ gbé ọwọ́ kan lé èkíní, ọwọ́ kan lé èkejì, kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní, “Nígbà tí èkejì yìí bàjẹ́, ṣé bàbá yín da gbogbo òróró ìsọ̀ nù ni?”

“Báwo ni yóò ṣe dà á nù? Kí la ó wá fi ṣiṣẹ́? Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n ni.”

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú jẹ́ẹ́, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ gbígbẹ.

“Èyí ńkọ́, bàbá? Ta ni ó ń fún un ní tirẹ̀?”

Oníṣẹ́ awọ wo ọwọ́, ó wo awọ. Ojú rẹ̀ tí awọ kò lè purọ́ fún rí i lójú ẹsẹ̀. Ìlà kan náà ni, àwọ̀ eérú kan náà. Ìtìjú mú un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohun tí kò tíì sọ tán fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní òun kò bá wọn níbẹ̀, òun kò lè búra nípa ohun tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ òróró jíjóná lójoojúmọ́ láìníwọ̀n, tí kò sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò rí, awọ kejì ni. “Ẹ̀yin sì rèé, ẹ sá fún awọ kejì, ẹ lọ di èkíní.” Ó ṣàlàyé fún un pé ara lè fi iṣu ṣe ọ̀rá kan fúnra rẹ̀, èyí tí à ń rí nínú ikùn àwọn ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rá kan wà tí ara kò lè ṣe, bí ènìyàn tilẹ̀ jẹ iṣu odindi oko. Ẹnu nìkan ni ọ̀nà wọn. Wọ́n wà nínú ẹja, nínú àsálá, nínú ẹ̀gúsí, nínú ẹ̀pà àti sóyà. Àwọn ni ara fi ń dí awọ ara kí ó má sán, àwọn ni ó fi ń tún ojú ọgbẹ́ ṣe, ọpọlọ pàápàá kò lè ṣiṣẹ́ láìsí wọn. Oore tó wà nínú ẹ̀fọ́ tí ó ń fi omi lásán bọ̀ náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní wọ ara bí kò bá rí epo bá wọlé. Ó wá ní kí ó yọjú sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n mọ̀ pé àìsàn mìíràn kò fara pamọ́. Ó lọ. Wọn kò rí òmíràn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó ti ilé ìwòsàn dé, ó ní kí Ìyá Ṣíjúadé se ìkòkò kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wọn epo sí i, ṣíbí kan, ó sì fi ìka gé etí ṣíbí náà kí ó má bàa lé, bí ó ti máa ń ṣe sí òróró awọ. Wọ́n fi ẹja títù sí i. Òkèlè àkọ́kọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọgbẹ́ ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í padé. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fa okùn kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó yẹ ọwọ́ wò, ọwọ́ gbẹ. Ó jókòó ti gàárì fún ọjọ́ mẹ́tàlá, àsálá pípa wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀ ni ó ń mú un. Lọ́jọ́ ọdún, ọba gun ẹṣin kọjá níwájú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń wo ọba. Ọkùnrin kan ń wo okùn.

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ìtàn mi parí, ó kan ọ̀rọ̀ tìrẹ. O ní o gbọ́ nǹkan kan lórí fóònù, o sì ti kó epo àti ẹja kúrò nílé, o ní ìlera ni o ń wá. Mo gbà pé o fẹ́ràn ilé rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ṣe fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Má padà lọ sí òróró dúdú, má sì ri ara rẹ sínú agbada. Wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ awọ yẹn sàn jù ọ́ lọ ní ọ̀nà kan, ẹnu tirẹ̀ nìkan ni ó dí. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú ìyàwó rẹ. Ọmọ náà ń mọ ọpọlọ àti ojú lọ́wọ́ báyìí, bí a ti jókòó yìí, kò sì ní ibòmíràn tí yóò ti rí ohun èlò ju abọ́ ìyá rẹ̀ lọ, abọ́ tí ìwọ fọ̀ mọ́ tóní-tóní. Kò tíì lè sọ̀rọ̀, mo wá ń bá a bèèrè lọ́wọ́ rẹ. Ta ni ó ń fún un ní tirẹ̀?